Ewé ti ń wọ́ ní Yellowknife, ní àríwá Kánádà. Ẹ̀yin tí ẹ sá fún iná lẹ́ẹ̀rùn yìí, kí la fẹ́ ṣe kí òmíràn tó dé?

Ìyá Ìbejì, Yellowknife
23 oṣù Kẹsàn-án, 2023

Ẹ kú ilé, ẹ kú àjò, ẹ kú ewu iná. Ọ̀pọ̀ nínú yín la ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àmọ́ ó yẹ kí n tún kí yín kí n tó dárúkọ ohun tó gbé mi dé ibí.

Òtútù ti ń yọjú. Láàárọ̀ yìí mo ní láti ha yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ kí n tó lè jáde. Àwọn igi tó yí adágún Frame Lake ká ti pupa rúsúrúsú, ewé wọn sì ń wọ́ sójú ọ̀nà tí a máa ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó ń tò lọ sí ìhà gúúsù. Ilẹ̀ ti wá ń ṣú dáadáa lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewéko tí wọ́n ń pè ní aurora sì tún ti ń ṣeré lójú ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé níbí, nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú níbí rárá. Ó máa ń kù díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù kí oòrùn tó wọ̀, kó sì tó di aago mẹ́rin ìdájí ó ti yọ padà. Torí náà, bí òkùnkùn bá padà dé, inú wa máa ń dùn, àwọn ọmọ á tún máa sùn lásìkò.

Lọ́dún yìí, oorun ò tíì padà sílé wa. Táíwò tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà gbé báàgì ìwé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti dé. Ṣòkòtò méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mọ́tò ìṣeré pupa kan àti fọ́tò ìyá àgbà rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló kó sínú rẹ̀. Bí mo bá gbé e kúrò níbẹ̀, á tún lọ gbé e padà. Bí aládùúgbò bá ń sun ẹran níta tí òórùn èéfín wọlé, á wá dúró tì mí, á ní, "Mọ́mì, ṣé ó ti yá?" Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mú ẹ̀rọ ásímà rẹ̀ lọ́wọ́ kiri inú ilé.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè jẹ́ méjì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú tèmi ná, torí àwọn kan ń ka ibí yìí láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù tí wọn ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Láti oṣù Karùn-ún ni ilẹ̀ ti gbẹ kankan. Lọ́jọ́ 8 oṣù Keje, ooru Fort Good Hope, ìlú tó sún mọ́ òkè àríwá jù wá lọ, dé 37.4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá mọ ooru Ìlọrin nínú oṣù Kẹta lè fojú inú wò ó, àmọ́ òtútù ni wọ́n kọ́ ilé ibẹ̀ fún, kì í ṣe ooru. Àrá ló ń dá ọ̀pọ̀ iná náà sílẹ̀ nínú igbó tí èèyàn ò dé. Ọ̀kan nínú wọn ló lé àwọn ará Behchokǫ̀, ìlú kan lójú ọ̀nà wa, kúrò nílé lóṣù Keje, wọ́n sá wá sọ́dọ̀ wa níbí, a kó aṣọ àti omi lọ fún wọn. Iná yẹn náà ló wá ń bọ̀ wá bá àwa alára.

Èéfín ọ̀hún kì í ṣe èyí tí mo lè ṣàpèjúwe tán. Oòrùn pọ́n débi pé èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn lọ́sàn-án gangan. Ìwọ̀n tí ìjọba fi ń wọn afẹ́fẹ́ ń lọ láti 1 dé 10, tiwa kọjá 10 lọ láìmọye ìgbà. Nítorí Kẹ́hìndé, mo fi téèpù lẹ asẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná mọ́ ẹ̀yìn fáànù, mo gbé e sí yàrá wọn, mo fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí asẹ́ funfun náà fi dúdú kirikiri. Mo ń wò ó, mo ń ronú ohun tí ì bá wọ inú àyà ọmọ mi.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, ni àṣẹ jáde: kí gbogbo ìlú kó jáde, ó pẹ́ tán, kó tó di ọ̀sán gangan ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan bí 20,000 èèyàn ló ń gbé ìlú yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì jáde níbẹ̀. Iná wà ní nǹkan bíi kìlómítà 17 sí wa. Bàbá àwọn ọmọ wà níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì, bàálù ló ń gbé wọn lọ, bàálù náà ló ń gbé wọn bọ̀, kò sí bó ṣe lè dé bá wa. Mo kó pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú wa, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì mi àti oògùn ọmọ. Mo bu gàrí àti ṣúgà sínú ike. Mo wo ilé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn Behchokǫ̀, èéfín ń rú lọ́tùn-ún, ó ń rú lósì. Ọkọ̀ kan ń ṣíwájú wa láti tọ́ wa sọ́nà, kálukú tẹjú mọ́ iná ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Eérú ń bọ́ sójú gíláàsì, mo ń fi wáípà nù ún, ó túbọ̀ ń fà bàlàlà. Ẹfọ̀n ilẹ̀ yìí méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú èéfín yẹn, wọn ò mira, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fi máa dé Fort Providence, tó lé ní 300 kìlómítà sílé, ìlà àwọn tó fẹ́ ra epo ti gùn kúrò nílé epo bọ́ sí títì. Obìnrin ará Dene kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ó ń kan gíláàsì, ó ń fún àwọn ọmọ ní omi àti búrẹ́dì tó ṣì gbóná. Kò mọ̀ wá rí. Mo fi èdè Yorùbá ṣàdúrà fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sí ọkọ̀ tó kàn.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni afárá Deh Cho lórí odò Mackenzie. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá lẹ́ẹ̀rùn, díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe ń gun orí afárá yẹn, mo ń ronú pé ká ní kò sí níbẹ̀, báwo ni gbogbo ìlà mọ́tò yìí ì bá ṣe sọdá? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Nígbà tó yá, a gba Enterprise kọjá, iná ti jẹ ìlú kékeré yẹn run tán lọ́jọ́ 13 oṣù náà, ìwọ̀nba ilé ló kù. Mo ní kí àwọn ọmọ dijú. Táíwò ò dijú.

Edmonton, ní ìpínlẹ̀ Alberta, la sá dé, bíi 1,450 kìlómítà sílé, a ò sì padà wálé títí di ìgbà tí wọ́n ká àṣẹ náà kúrò lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án. Iná ò wọ ìlú wa. Àwọn panápaná, àwọn sójà àti àwọn ará ìlú tó dúró sẹ́yìn ló gé igbó, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ́n omi yí ìlú ká. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ohun tó ń dùn mí wá nìyí. Láti Yellowknife dé Edmonton, àyè méjì ṣófo lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Lẹ́yìn tí a padà dé ni mo gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan tó gbé ọmọ ọwọ́ dání, tí kò tíì pẹ́ tó dé ìlú, wà ní òpópónà kejì sí mi lóru ọjọ́ yẹn, kò ní mọ́tò, kò mọ ẹni tó lè pè. Èmi ò mọ̀ pé ó wà. Kò mọ̀ pé mo wà. Ẹgbẹ́ WhatsApp wa, tí a fi ń kí ara wa kú ọdún, tí a fi ń ta ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, lọ́jọ́ yẹn ohùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó sọ ọ́ ló kún inú rẹ̀: afárá ti jóná, epo ti tán, wọ́n ti ti ọ̀nà. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ sì ni Facebook ti ń dí ìròyìn lọ́nà ní Kánádà nítorí òfin tuntun tí òun àti ìjọba ń jà lé lórí, èèyàn ò lè fi ohun tí Cabin Radio, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìlú wa, kọ ṣọwọ́ níbẹ̀. Ńṣe la ń ya ojú fóònù ní fọ́tò, tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa.

Ìbéèrè mi rèé o. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin òbí, kí lẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ báàgì ẹnu ọ̀nà? Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni àbí kí n kó o palẹ̀? Ìkejì, ta ló fẹ́ bá mi ṣe ìwé orúkọ kan báyìí, kó tó di pé yìnyín bo ilẹ̀ tí gbogbo wa gbàgbé: ẹni tó ní mọ́tò, ẹni tí kò ní, ẹni tó ń gbé ọmọ ọwọ́, ẹni tó ń lo oògùn?

---

Ọmọ Ọ̀fà, Yellowknife

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi kọ́ lẹni tó gbé ọmọ ọwọ́, àmọ́ èmi náà ò ní mọ́tò. Inú oṣù Kẹfà ni mo dé ìlú yìí, ilé ìtajà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo lọ tò sí ìlà bàálù ní Sir John Franklin High School. Wọ́n ní kí kálukú gbé báàgì kékeré kan. Ìlà yẹn yí ilé-ìwé po, àwọn àgbà jókòó sórí kúlà, àwọn kan gbé ajá, àwọn kan gbé ológbò sínú àpótí. Ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó rọ̀ mí lọ́kàn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní àyè ti tán fún ọjọ́ yẹn, ká padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn la jọ padà sílé.

Alẹ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè wà láàárín ìlú kó sì dá wà. Gbogbo yàrá tó wà ní òkè mi àti ìsàlẹ̀ mi ti ṣófo. Mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wó igi létí ìlú títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo pe ìyá mi, mo ní mo ti dé Calgary. Mi ò lè sọ fún un pé mo ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kejì ni bàálù gbé mi dé Calgary lóòótọ́. Àwọn tó gbà wá níbẹ̀ ṣe dáadáa, wọ́n fún wa ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wa lóúnjẹ. Mi ò ní gbàgbé oore wọn.

Àǹtí, ẹ kọ orúkọ mi síwájú nínú ìwé yẹn. Mo lè máa pe àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá tún pàṣẹ, màá dúró ti fóònù, màá máa béèrè ẹni tó ti kúrò àti ẹni tó kù. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni àdúgbò tí kálukú ń gbé, torí orúkọ lásán ò ní ran ẹni tó ń wá ilé lóru lọ́wọ́.

---

Apògùn Etí Odò, Hay River

Ẹ kú ewu gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí àwa padà sílé. Ẹ má bínú pé mi ò yára dáhùn, mo ń fọ ògiri.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hay River sá lọ́dún yìí. Ti oṣù Karùn-ún, iná bẹ̀rẹ̀ lódìkejì odò, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ K'atl'odeeche, ilé àwọn kan jóná níbẹ̀. Nígbà tí a padà dé, a ní ọdún yìí ti ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Àìkú, ni afẹ́fẹ́ yí padà. Fóònù kú, íntánẹ́ẹ̀tì kú, torí iná ti jó wáyà tó ń gbé e wá. Ẹ fojú inú wo ìyẹn: wọ́n ní kí ìlú kó jáde, o ò lè pe ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́, aládùúgbò ló wá ń gbá ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà Enterprise la gbà, iná sì wà níbẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Bọ́ńpà ẹ̀yìn mọ́tò mi yọ́, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìyàwó mi ń kọ orin nínú mọ́tò, ó ń kọ ọ́ sókè gan-an, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ ìró iná. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìró rẹ̀ rí kò lè mọ̀.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé ìwé orúkọ yín kò gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Kí ó wà lára ilẹ̀kùn fírísà ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ mú ibì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ láàárín ìlú, pé bí fóònù bá kú, ibẹ̀ la ti máa pàdé fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí mọ́tò gbéra. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí epo mọ́tò rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ìdajì láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án. Èmi máa ń rí oníbàárà tó ń wá gba oògùn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ bẹ dókítà yín kó kọ ti oṣù kan. Mo rí àwọn àgbà tó sá láìmú oògùn ṣúgà wọn dání, tí wọ́n dé Alberta tí ara wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti báàgì ọmọ: tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti dàgbà ju tiyín lọ. Mo fi í sílẹ̀. Ó sá lẹ́ẹ̀mejì, kò parọ́.

---

Ìyá Ìbejì, Yellowknife

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ orin ìyàwó yín yẹn mú mi sunkún níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi kí i gan-an.

Bébà lára fírísà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ọmọ Ọ̀fà, ìwọ ni akọ̀wé wa láti òní lọ. Má tún dá gbé ilé yẹn lálẹ́ bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, ọbẹ̀ ò wọ́n nílé mi.

---

Bàbá Mill Woods, Edmonton

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àforítì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti lò ní ìlú yìí, mi ò tíì rí irú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn ará Northwest Territories, agbègbè tí Yellowknife àti Hay River wà, ló fi ilé wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí, iná sì jẹ tó mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà igbó lọ́dọ̀ yín nìkan. Ní Kánádà lápapọ̀ ó lé ní mílíọ̀nù 15. Kò sí àkọsílẹ̀ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìdílé kan sùn sílé mi, èmi àti ìyàwó mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ìyá àwọn ọmọ náà kì í jẹun tán. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó mi ro àmàlà, ó gbé ewédú àti gbẹ̀gìrì síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i.

Ìmọ̀ràn mi sí Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ Táíwò: má ṣe bá a fà á. Jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tí yìnyín gidi bá bọ́, kí ẹ jọ tú báàgì náà, kí ẹ jọ kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Sọ fún un pé inú oṣù Karùn-ún, kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí ọjọ́ kan tó mọ̀ tó pé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ dì í padà. Kí ó mọ̀ pé báàgì ní àsìkò tó ń jáde, àti pé òun kọ́ ló ń dá ṣọ́ ilé. Ọmọdé tó ń gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé bí òun ò bá ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bó bá ṣì ń jí lóru lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọkàn ọmọdé. Kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ yín ló háyà ilé láìní adójútòfò ayálégbé. Àwọn tó ní in, bí ìjọba bá pàṣẹ pé kí wọ́n jáde, adójútòfò sábà máa ń san owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ tí wọ́n ná lójú ọ̀nà. Àwọn tí kò ní, àpò ara wọn ni. Owó rẹ̀ lóṣù kò pọ̀ púpọ̀. Ẹ ṣe é báyìí, torí bí iná bá ti wà nítòsí, wọn kì í sábà ta á fún ẹnikẹ́ni mọ́.

---

Àgbẹ̀ Ṣakí

Mo ń kí yín láti òkè Ògùn. A gbọ́ ìròyìn yín níbí lórí rédíò. Àwa náà mọ iná igbó, nígbà ọyẹ́ ló máa ń jà. Ká tó dáná sun oko, a máa ń ro ojú ilẹ̀ yí i ká kó mọ́ fóló kí iná má baà fò sí oko olóko. Mo rí i pé ohun kan náà làwọn ará ibẹ̀ fi ẹ̀rọ ńlá ṣe yí ìlú yín ká.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé òtútù yín tó ń bọ̀ yìí ò ní pa iná náà tán? Níbí, òjò àkọ́rọ̀ ló ń parí rẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì, Yellowknife

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi èdùn ọkàn gbàlejò láé. Mo máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún Táíwò lálẹ́ àná pé a máa jọ tú báàgì lọ́jọ́ tí yìnyín bá bọ́. Ó ronú sí i, ó wá bi mí bóyá mọ́tò pupa náà lè wà níta. Mo ní ó lè wà níta.

Àgbẹ̀ wa, ẹ kú oko. Ìbéèrè yín dára púpọ̀. Òjò àti yìnyín ń pa èyí tó wà lókè ilẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó wà nínú igbó níbí kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lásán. Ewé, èéhù àti gbòǹgbò tó ti ń kó jọ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló wà níbẹ̀, iná máa ń wọ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, á máa jó wúruwùru lábẹ́ yìnyín ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí yìnyín bá yọ́ lóṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, tí ilẹ̀ gbẹ, ó lè tún yọ sókè. Ìdí tí mo fi ní ká má dúró nìyẹn. Ibi tí iná ti kọjá lójú ọ̀nà Highway 3, ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde nílùú wa, ṣì ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, àwọn ìtàkùn tútù kékeré sì ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ohun tá a fẹ́ kọ sí bébà ni: orúkọ, àdúgbò, iye èèyàn tó wà nílé, bóyá mọ́tò wà, iye àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, oògùn tàbí àìsàn tó yẹ ká mọ̀, àti ẹni kan ní Edmonton tàbí Calgary tí a lè pè. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, bí ìjọba bá kéde nǹkan, ẹni méjì péré ló máa lè kọ̀wé síbẹ̀ títí gbogbo èèyàn á fi dé ibi tó ń lọ, àwọn méjèèjì á sì máa sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Kò sí ohùn tí a ò mọ olóhùn mọ́.

Ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́ yẹn, mo ti rí i. Ó ti wá sílé mi, ọmọ rẹ̀ ti sùn lórí àga mi. Òun ni orúkọ àkọ́kọ́ lórí bébà náà, èmi sì ni ọkọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé mi. Mo máa se ẹ̀wà àti dòdò. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ Ọ̀fà ní kọ̀rọ̀, ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà fóònù yín síta níbí. Ẹ̀yin ará Hay River, bí ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ bébà, torí ẹ̀yin lè sá wá sọ́dọ̀ wa, àwa náà lè sá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá.